Ewé, Ibà àti Ìjọ: Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Ẹnu Ọwá ní Àjọ̀dún Ọgọ́rùn-ún Ọdún Ìjọ wa

Ìgbìmọ̀ Àjọ̀dún ni ó fi iṣẹ́ lé wa lọ́wọ́ pé kí a sọ̀rọ̀ lórí ìtàn. Ní ti orúkọ àwọn àlùfáà tí ó ti sìn wá, àti ọjọ́ tí a fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀, àti iye owó tí a fi ra dùùrù, ẹ ó rí gbogbo rẹ̀ ní ojú ewé mìíràn nínú ìwé ìrántí yìí. A kò ní fi yọ yín lẹ́nu. Ọ̀tá kan ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí ó ti wà ní Èkó kí Ìhìnrere tó dé, tí ó pa púpọ̀ nínú àwọn tí ó mú Ìhìnrere wá, tí kò sì tíì fi ìlú wa sílẹ̀ títí di òní. Ibà ni a ń wí. A sì fẹ́ sọ ti ewé àti èèpo igi tí a fi ń bá a jà, àti ojú tí àwa Onígbàgbọ́ fi wò wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí Odò Ọya. Ní ọdún 1841 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, gòkè odò náà, láti bá àwọn ọba ibẹ̀ dá májẹ̀mú pé kí òwò ẹrú tán. Ẹni tiwa kan wà nínú ìrìn àjò náà, èyíinì ni Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, tí kò tíì gba oyè àlùfáà nígbà náà. Àwọn ọkọ̀ náà kò pẹ́ lórí odò tí ibà fi wó àwọn ènìyàn inú wọn lulẹ̀. Nínú Òyìnbó 145 tí ó bá ọkọ̀ lọ, nǹkan bí 130 ni ibà mú, àwọn tí ó sì kú lé ní ogójì. Ọkọ̀ padà sẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀fọ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù sì ń sọ pé Ọlọ́run kò dá ilẹ̀ yìí fún ọmọ aráyé láti gbé.

Ọdún 13 lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1854, ọkọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pleiad tún gba odò kan náà gòkè. Crowther tún wà nínú rẹ̀, ó ti di àlùfáà nísinsìnyí. Dókítà William Balfour Baikie, ará Scotland, ni olórí wọn. Dókítà yìí pàṣẹ kí àwọn Òyìnbó inú ọkọ̀ máa mu kuiníìnì kí ibà tó mú wọn, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti dá wọn dùbúlẹ̀. Wọ́n rìn jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n dé orí odò Bénúé, wọ́n sì padà bọ̀ láìsí ẹyọ Òyìnbó kan tí ibà pa. Odò kan náà ni, ẹ̀fọn kan náà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó fura sí ẹ̀fọn nígbà náà. Èèpo igi ni ó ṣe ìyàtọ̀.

A wí pé èèpo igi, a kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a gbé kuiníìnì mì ní ọmọdé, tí a sì ń sunkún nítorí kíkorò rẹ̀, rò pé inú ẹ̀rọ ni Òyìnbó ti rọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Igi cinchona ni, igi orí òkè ilẹ̀ Peru àti àwọn ilẹ̀ tí ó yí i ká ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Àwọn àlùfáà Ìjọ Pápà tí à ń pè ní Jesuit ni ó gbé èèpo náà dé Róòmù ní nǹkan bí ọdún 1640 sí 1650. Ẹ wá gbọ́ èyí tí ó yẹ kí àwa ọmọ Ìjọ Áńgílíkà fetí sí. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, púpọ̀ nínú àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ibẹ̀ kọ̀ ọ́. Àgúnmu àwọn Jesuit ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì bẹ̀rù pé ètekéte Pápà wà nínú rẹ̀. Ibà ń pa wọ́n nínú irà ilẹ̀ wọn, oògùn wà nítòsí, wọ́n sì kọ̀ ọ́ nítorí ọwọ́ tí ó gbé e wá. Àwọn ará Faransé méjì, Pelletier àti Caventou, ni ó yọ ojúlówó agbára inú èèpo náà ní ọdún 1820, tí wọ́n sọ ọ́ ní quinine. Láti ọjọ́ náà ni a ti lè wọn oògùn ibà lórí ìwọ̀n, kí a mọ iye tí ó tó àgbàlagbà àti iye tí ó tó ọmọ ọwọ́.

Ní Èkó tiwa, a kò lè ṣe aláìrántí Bíṣọ́ọ̀bù Joseph Sidney Hill. Ọdún 1893 ni a yà á sí mímọ́ láti rọ́pò Crowther, ó sì dé Èkó ní ìparí ọdún náà pẹ̀lú aya rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1894, àwọn méjèèjì ti sùn nínú Olúwa nítorí ibà, kí àwọn ènìyàn tó kí wọn káàbọ̀ tán. Kuiníìnì kò ṣọ̀wọ́n nígbà náà mọ́. Oògùn ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Nígbà wọnnì, àwọn Òyìnbó gbà pé afẹ́fẹ́ irà ni ó ń fa ibà. Orúkọ náà malaria kò tilẹ̀ ju afẹ́fẹ́ burúkú lọ ní èdè Ítálì. Àwọn bàbá wa ní tiwọn ń sọ pé oòrùn ni, àwọn kan ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ yìí. Ní ọdún 1880 ni Laveran, dókítà ọmọ ogun Faransé, rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ogun kan ní Àlùjẹ́ríà. Ní ọdún 1897 sì ni Ronald Ross fi hàn ní Íńdíà pé inú ẹ̀fọn ni kòkòrò náà ń gbà kọjá. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí Sir William MacGregor fi di Gómìnà Èkó, láti ọdún 1899 títí di 1904. Dókítà ni òun fúnra rẹ̀. Ó mú kí a máa kun irà, ó mú kí a gbẹ́ odò tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láàárín erékùṣù wa àti Ìkòyí, ó sì mú kí kuiníìnì dé ọwọ́ ará ìlú. Ní ọdún 1901 ni àwọn ìyáàfin ìlú yìí dá ẹgbẹ́ Lagos Ladies' League sílẹ̀. Wọ́n ń wọ agboolé, wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá ní ìmọ́tótó, wọ́n sì ń fún àwọn ọmọ wọn ní kuiníìnì. Ó dùn mọ́ wa láti rántí wọn.

Ṣùgbọ́n kí ni ó wà nínú àwọn agboolé náà kí àwọn ìyáàfin wọ̀nyí tó kan ilẹ̀kùn? Ìkòkò àgbo ni. Kò sí agboolé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí kò ní tirẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé, tí èéfín ti sọ ọ́ di dúdú, tí ewé bò ó lẹ́nu. Nígbà tí ẹni kan bá sì wá sí kíláàsì ìrìbọmi, a ó sọ fún un pé kí ó kó ohun ìbọ̀rìṣà dànù. Ọ̀rọ̀ rere ni. Àmọ́ àwọn olùkọ́ ìjọ kan nígbà náà kò ya ohun méjì sọ́tọ̀: wọ́n kó ìkòkò àgbo pọ̀ mọ́ ọpọ́n Ifá, wọ́n sì ní kí a da gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀sà. Nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí babaláwo ń pè sí ewé, wọ́n dá ewé lẹ́bi. Ìyá tí ó ti ṣe ìrìbọmi a máa mu àgbo ní kọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó jalè, bí katikíìsì bá sì kọjá, a fi igbá bò ó. Ṣé èyí yàtọ̀ sí ti àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ èèpo igi nítorí àwọn Jesuit? Bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà nínú Ìwé Mímọ́, nínú ìwé àwọn Ọba, pé nígbà tí oówo dá Hesekáyà dùbúlẹ̀, èso ọ̀pọ̀tọ́ ni wòlíì Àìsáyà pàṣẹ kí a fi lé ojú oówo náà. Àdúrà ti gbà kí ọ̀pọ̀tọ́ tó dé, wòlíì kò sì torí èyí sọ pé kí a má mú un wá.

A ó ṣe àìdára bí a bá sọ pé gbogbo ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ni ó kẹ́gàn ewé. Dókítà Oguntola Sapara, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí ní Sàró ní ọdún 1861, tí ó ṣiṣẹ́ dókítà ìjọba ní Èkó yìí, tí ó sì kú ní ọdún 1935, tọ àwọn oníṣègùn lọ láti kọ́ ohun tí wọ́n mọ̀. Òun kan náà ni ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olùsìn Ṣọ̀pọ̀ná láti tú àṣírí bí wọ́n ti ń tan ṣọ̀pọ̀ná kálẹ̀. Ẹ rí i pé ojú rẹ̀ là sí ibi méjèèjì: ó mọ ohun tí a gbọ́dọ̀ tú àṣírí rẹ̀, ó sì mọ ohun tí a gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí ìkòkò náà wò. Bí ẹ bá dé Ọjà Jáńkárà, ẹ wí fún àwọn ẹlẹ́wé ọmọ pé àgbo ibà ni ẹ fẹ́ sè. Wọn yóò kó orúwo fún yín, àti ahùn, àti èèpo igi awọpa tí inú rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ẹni pé a rẹ ẹ́ láró. Wọn yóò fi ewé dóńgóyárò sí i, àti ewé àti èèpo máńgòrò, ewé ìbẹ́pẹ, koríko ọba, àti èèpo ọ̀pẹ òyìnbó. Àwọn kan ń fi omi sè é, àwọn kan ń fi omidùn rẹ ẹ́, àwọn mìíràn sì ń fi ọtí rẹ ẹ́, èyí tí àwa kò fọwọ́ sí fún ọmọdé láéláé.

Ẹ̀yin àgbàlagbà yóò sọ pé àgbo àwọn bàbá ńlá wa ni èyí. Apá kan rẹ̀ ni. Àmọ́ dóńgóyárò tí gbogbo Èkó fi ń búra yìí, igi ilẹ̀ Íńdíà ni. Àárín ọdún 1920 sí 1930 ni a gbìn ín ní ilẹ̀ Haúsá, ibẹ̀ ni ó ti gba orúkọ rẹ̀ kí ó tó sọ̀kalẹ̀ wá bá wa. Láti Íńdíà náà ni máńgòrò ti wá. Ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ òyìnbó, ará Amẹ́ríkà ni wọ́n. Èyí fi hàn pé àwọn ìyá wa kì í ṣe òmùgọ̀ tí ó kàn ń tẹ̀lé àṣà. Nígbà tí ewé tuntun bá dé, wọ́n ń tọ́ ọ wò, wọ́n ń dán an wò, èyí tí ó bá sì dára ni wọ́n ń fi kún ìkòkò. Ohun tí wọ́n kò ṣe ni kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀ sí wo inú ìkòkò yìí. Nínú awọpa, wọ́n rí èròjà kíkorò tí ó ń jẹ́ palmatine. Nínú dóńgóyárò, wọ́n rí gedunin. Nínú ahùn, wọ́n rí echitamine. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Elujoba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ewé mẹ́rin pọ̀, máńgòrò, ahùn, orúwo àti dóńgóyárò, wọ́n sì mú lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ Látìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, Mangifera, Alstonia, Morinda, Azadirachta, láti fi pe àgbo náà ní MAMA. Wọ́n dán an wò lára eku tí a fi kòkòrò ibà sí lára, ó sì dín kòkòrò náà kù. A yọ̀ nígbà tí a gbọ́. Àmọ́ eku kì í ṣe ọmọ ènìyàn, ọ̀nà tí ó wà láàárín méjèèjì sì gùn. Nínú gbogbo ewé tí a dárúkọ yìí, kò tíì sí ọ̀kan tí ó di oògùn ibà tí gbogbo ayé ń lò gẹ́gẹ́ bí kuiníìnì.

Ewé kan láti ilẹ̀ Ṣáínà ni ó di ìkejì kuiníìnì, ìtàn rẹ̀ sì kọ́ wa ní ohun tí ó kù fún wa láti ṣe. Chloroquine, tí a ṣe ní Jámánì ní ọdún 1934, ti di oògùn ibà gbogbo ayé, ṣùgbọ́n kòkòrò ibà kọ́ bí a ti ń fara dà á. Ní ọdún 1967, nígbà ogun Fiẹ́tínáàmù, ìjọba Ṣáínà pàṣẹ kí a wá oògùn mìíràn. Obìnrin kan, Tu Youyou, ni a fi ṣe olórí àwọn tí ó ń yẹ ìwé ìṣègùn àtijọ́ wò. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣa àkọsílẹ̀ oògùn tí ó lé ní 2,000 jọ. Ewé kan tí wọ́n ń pè ní qinghao ṣiṣẹ́ díẹ̀ lára eku, lẹ́yìn náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Obìnrin náà tún padà sínú ìwé. Nínú ìwé tí Ge Hong kọ ní ohun tí ó lé ní 1,600 ọdún sẹ́yìn, ó rí i pé a kò ní kí a se ewé náà rárá. A ní kí a rẹ ẹ́ sínú omi, kí a fún un, kí a sì mu omi rẹ̀. Ó wá yé e pé iná ni ó ń ba agbára ewé jẹ́. Ó fi ether yọ ọ́, ohun olómi tí í máa hó kí ooru rẹ̀ tó dé ti ara ènìyàn. Ní ọdún 1971 ni èyí tí ó yọ pa gbogbo kòkòrò ibà tí ó wà lára eku tí wọ́n dán an wò. Ní ọdún 1972, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ gbé e mu fúnra wọn kí wọ́n tó fún aláìsàn. Artemisinin ni oògùn náà. Ní ọdún 2005 ni ìjọba Nàìjíríà fi chloroquine sílẹ̀, tí ó sì fi àdàpọ̀ artemisinin rọ́pò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ artesunate tí à ń gún fún ọmọ tí akọ ibà dá dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ara ewé yẹn ni a ti mú un jáde. Ní ọdún 2015 ni a fi Ẹ̀bùn Nobel dá Tu Youyou lọ́lá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro ó wò. Bí ẹni àtijọ́ náà kò bá kọ gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn sílẹ̀, pé omi tútù ni kí a fi rẹ ẹ́, ewé náà ìbá wà nínú igbó Ṣáínà títí di òní, àwọn ọmọ wa ìbá sì ti kú. Mélòó ni irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ tí a ti sin mọ́ àwọn ìyá wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó? Oníṣègùn sọ pé awo ni, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ ìjọ sọ pé ìbọ̀rìṣà ni, kò fẹ́ gbọ́. Àwọn ọ̀tá méjì yìí jọ fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láìmọ̀, wọ́n sì pa ìmọ̀ kan náà.

Bí a ti ń yin ewé, a kò fẹ́ kí ìyá kan ti ibí yìí lọ sílé, kí ó sì fi àgbo nìkan dúró ti ọmọ tí ó ń jóná. Nínú ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ọdún 2021, nínú ènìyàn 100 tí ibà pa ní gbogbo ayé, 31 jẹ́ ti Nàìjíríà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni ó sì ń kú jù. Ọmọ tí gìrì bá mú, tí ó ń sùn tí kò jí dáadáa, tí kò lè mu ọmú, tàbí tí ojú rẹ̀ funfun nítorí àìtó ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ ní wákàtí náà gan-an. Ìdí mìíràn tún wà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ibà, ni à ń pe ọ̀pọ̀lọpọ̀ àìsàn: a ní ibà lásán, a ní akọ ibà, a ní ibà apọ́njú, a ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Ewé tí ó bá ọ̀kan mu lè má kan èkejì rárá, ẹni tí ó sì wí pé àgbo òun wo ibà sàn kò lè sọ irú èyí tí ó wò sàn, àyàfi bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n náà wà níbẹ̀. Asofẹ́yẹjẹ tí àwọn kan ń gún mọ́ oògùn ibà ni àwọn oníṣègùn fi ń mú orí wèrè wálẹ̀, ọgbọ́n ńlá sì ni, nítorí reserpine wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn Òyìnbó kọ́kọ́ yọ lára igi ìbátan rẹ̀ ní ọdún 1952. Àmọ́ ohun kan náà a máa mú kí agbára ìṣàn ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ gidigidi. Ta ni ó wọn ún fún ọmọ ọwọ́? Artemisinin fúnra rẹ̀, bí a bá mu ewé rẹ̀ bíi tíì nìkan, ohun tí ó wà nínú ife kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ti ife kejì. Nítorí náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ ní ọdún 2019 pé òun kò fọwọ́ sí i. Díẹ̀ tí kò tó a máa kọ́ kòkòrò ibà ní bí yóò ti fara dà á. A ti ń rí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ní Rwanda àti Uganda. Ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó tún wá ewé mìíràn, kò sì sí ìdí tí kò fi lè jẹ́ láti inú ìkòkò wa.

Nítorí ìdí yìí ni a fi bẹ Ìgbìmọ̀ Ìjọ pé kí a ṣí ìwé àkọsílẹ̀ kan ní ọdún àjọ̀dún yìí, wọ́n sì ti gbà. Ìwé náà wà ní yàrá àlùfáà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìrìbọmi àti ìwé ìgbéyàwó. Ohun tí a ó kọ sínú rẹ̀ ni orúkọ ewé gẹ́gẹ́ bí ìyá náà ti ń pè é, àti apá ibi tí a ń lò, ìbáà ṣe ewé, èèpo tàbí gbòǹgbò; bí a ń sè é tàbí a ń rẹ ẹ́; omi mélòó, ọjọ́ mélòó; irú àìsàn tí a rí, àti ohun tí ó tẹ̀lé e, ìbáà ṣe rere, ìbáà ṣe búburú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní àyè nínú rẹ̀. A ó fi ewé díẹ̀ tí a ti sá gbẹ lẹ̀ mọ́ ojú ìwé náà, kí àṣìpè orúkọ má baà ṣi ẹni tí yóò kà á lọ́nà, nítorí orúkọ kan lè jẹ́ ti igi méjì láàárín Èkó àti Ìjẹ̀bú. Nígbà tí ó bá kún, a ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ egbòogi ní yunifásítì.

Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin inú ìjọ tí ọwọ́ wọn mọ́ nínú ìwé kíkọ ni yóò máa jókòó ní yàrá náà ní ọjọ́ Sátidé, láti agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ títí di agogo kan. Àwọn ìyá tí kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, kí wọ́n rán ọmọ sí wa, a ó wá bá wọn nílé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a kọ orúkọ òun sí ìdí ewé rẹ̀, a ó kọ ọ́. Ẹni tí ojú bá ń tì, a ó kọ ewé nìkan.